Fáníìṣì dídán ló yẹ kó ṣáájú decal

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó bi mí o, ṣùgbọ́n mo ń rí i nínú àwọn fọ́tò yín: decal (àwòrán fẹ́lẹ́ tí a ń fi omi rẹ kó tó lẹ̀) tó wà lápá Spitfire oníke yín, ọkọ̀ òfurufú ogun kékeré tí ẹ tò, ń kọ mànà bíi fàdákà létí. Ẹ má bá decal jà. Ọ̀dà tí kò dán ló fà á. Ojú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀, afẹ́fẹ́ á sì há sábẹ́ decal. Afẹ́fẹ́ yẹn lẹ ń rí.

Ẹ kọ́kọ́ fín fáníìṣì dídán sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gbẹ mọ́jú. Bí òjò bá ṣú, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí ọ̀rinrin lè mú kí fáníìṣì funfun.

Ẹ rẹ decal sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi Micro Set, omi tó ń jẹ́ kí decal lẹ̀ dáadáa, pa ojú ibi tó máa wà, kí ẹ gbé e lé e, kí ẹ sì fi òwú ti omi jáde láti àárín lọ sétí. Micro Sol, omi tó ń mú kí decal rọ̀, ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tí ẹ bá ti kùn ún, decal á hunjọ, ẹ̀rù á sì bà yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá! Ṣe ló rọ̀, kó lè wọnú àwọn ìlà ara ọkọ̀ náà. Bó bá gbẹ, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó bá ṣì ń kọ mànà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un, kí ẹ tún kán Micro Sol sí i.

Fáníìṣì tí kò dán ló máa kẹ́yìn, torí Spitfire tó jagun lójú òfurufú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940 kì í dán.