Ṣájà Fóònù Tó Wà Nílé Ti Tó fún Ẹ̀rọ Tí Ẹ Ń Tò

Kí ẹ tó lọ ra adapter ní Computer Village, ẹ kọ́kọ́ wo dúrọ́ọ̀ tí ẹ kó ṣájà fóònù àtijọ́ sí. 5V ni wọ́n ń gbé jáde, 5V náà sì ni Arduino àti bọ́ọ̀dù ESP32 (bọ́ọ̀dù kékeré tí èèyàn ń kọ ètò sí láti darí ẹ̀rọ) àti LED aláwọ̀ mèremère ń gbà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ rédíò kì í fẹ́ gbà. Lójú tiwọn, ohun tí kò bá ti náni lówó kò lè dára.

Ẹ wo ara ṣájà, níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. Ẹ ó rí 5V 1A, tàbí 5V 2A: V ni agbára tó ń ti iná, A ni ìwọ̀n iná tí ṣájà lè gbé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé ṣé 2A kò ní jó ẹ̀rọ kékeré. Kò lè jó o. Ẹ̀rọ ló ń fa ìwọ̀n tó fẹ́, ṣájà kì í ki iná bọ̀ ọ́ lẹ́nu. V ni kò gbọdọ̀ ṣì. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni kí ẹ̀rọ má fẹ́ ju ohun tí ṣájà ní lọ. Arduino Uno lásán kò fi bẹ́ẹ̀ mu ju nǹkan bí 50mA lọ (1000mA ló jẹ́ 1A), ṣùgbọ́n ESP32 tó bá ń lo Wi-Fi lè ṣàdédé fa tó 500mA. WS2812, LED tí gbogbo ayé fẹ́ràn báyìí, lè mu 60mA lórí ẹyọ kan bó bá tàn funfun báláú. Ọgbọ̀n ẹyọ rẹ̀ á mu 1.8A. Ṣájà 1A ò lè gbé e. 2A á gbé e, àmọ́ 3A lèmi á mú.

Okùn wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ gé orí tó ń wọ fóònù kúrò lára okùn USB, kí ẹ bó o. Wáyà mẹ́rin lẹ ó bá níbẹ̀: pupa ni pọ́sítíìfù, dúdú ni nẹ́gátíìfù, funfun àti aláwọ̀ ewé wà fún dátà. Okùn olówó pọ́ọ́kú mìíràn ò tẹ̀ lé àwọ̀ yìí rárá, nítorí náà ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó so ó mọ́ ohunkóhun. Ẹ fi tépù wé méjì tó jẹ́ ti dátà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má kanra.

Wáyà tín-ín-rín kì í jẹ́ kí iná dé pé. Bí agbèrò ní gáréèjì ló rí, á yọ tirẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Wáyà 28AWG (bí nọ́ńbà AWG bá ṣe pọ̀ tó ni wáyà ṣe ń tín-ín-rín tó) tó gùn ní mítà kan, ìdènà tó ń ṣe fún iná lálọ àtàbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.4 ohm. Bí 2A bá gba inú rẹ̀ kọjá, 0.8V ti lọ nìyẹn, 4.2V ló kù fún ẹ̀rọ. Ẹ ó kàn rí i tí ESP32 á máa kú, á tún máa jí. LED tó wà lápá ìparí á máa pọ́n dípò kó funfun, torí pupa, ewé àti búlúù ló pọ̀ di funfun, búlúù àti ewé ló sì kọ́kọ́ ń dín kù. Èèyàn á wá máa bú ṣájà tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ ni kí ẹ ti wọn iná, nígbà tí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí mítà bá sọ lẹ́nu ṣájà tí kò gbé ẹrù kankan, asán ni. Bó bá wálẹ̀ ju 4.7V lọ, ẹ gé okùn náà kúrú, tàbí kí ẹ lo wáyà tó nípọn, bíi 20AWG. LED tó bá gùn, ẹ fún un níná lórí àti nídìí. Ẹ fi capacitor 1000µF, ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́, sí ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ má sì pa pọ́sítíìfù rẹ̀ dà.

Lára Arduino, ojú ihò 5V ni kí ẹ so pọ́sítíìfù mọ́. VIN ń fẹ́ 7V sókè. Bí iná bá ti wọlé láti ojú ihò 5V, ẹ yọ okùn kọ̀ǹpútà.

Ti USB-C yàtọ̀. Ṣájà rẹ̀ kì í mú nǹkan kan jáde àfi bí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn. Resistor (ohun tó ń dènà iná) 5.1k méjì ni ẹ̀rọ fi ń ṣe é: ọ̀kan láti CC1 sí nẹ́gátíìfù, èkejì láti CC2 sí nẹ́gátíìfù. CC1 àti CC2 ni ojú méjì tí USB-C fi ń mọ ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣe ti méjèèjì. Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan, tó jáde ní 2019 ní irú àléébù yẹn, okùn tó ní chip nínú kò sì bá a ṣiṣẹ́, títí wọ́n fi tún bọ́ọ̀dù náà ṣe. Bí bọ́ọ̀dù yín ò bá ní resistor wọ̀nyí, ẹ lo okùn tí orí rẹ̀ kan jẹ́ USB-A, ìyẹn orí pẹlẹbẹ fífẹ̀ ti àtijọ́, torí ṣájà USB-A kì í béèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ 9V tàbí 20V, kó ra bọ́ọ̀dù kékeré tó ń bá èèyàn béèrè V tó fẹ́ lọ́wọ́ ṣájà USB-C, tí wọ́n ń pè ní PD trigger, kó sì wọn ohun tó ń jáde kó tó so nǹkan mọ́ ọn. Gbogbo ṣájà kọ́ ló ní 12V.

Bí NEPA bá mú iná lọ, power bank náà ń ṣe é. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ara wọn bí ohun tí ẹ̀rọ ń fà bá kéré jù, wọ́n á ṣebí fóònù ti kún. Ẹ so resistor 47 ohm, oní-1W, láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù, á máa fa nǹkan bí 100mA. Ó ń gbóná, ó sì ń jẹ bátìrì, ẹ má jẹ́ kó kan ike.

Ṣájà tó bá fúyẹ́ jù, tí kò sì sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀, mi ò kì í lò ó. Nínú irú wọn, àlàfo tó ya 230V ara ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára 5V lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí iná bá fò kọjá ibẹ̀, ẹni tó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ onírin ló máa gbà á. Hámà ni mo fi ń fọ́ ọ, kí ọmọ kan má baà tún gbé e padà sórí tábìlì.