Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà tí Òṣìṣẹ́ Ìtọ́jú Àgbà Bá Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tọ́jú àgbàlagbà ní Abẹ́òkúta, yálà nínú ilé ìtọ́jú tàbí nínú ilé ẹbí, ni kò rí ẹni kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ọjọ́ ikú rẹ̀ ti ń sún mọ́lé. Fóònù ni olùkọ́ wọn. Èyí kò burú, nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó dára wà níbẹ̀, irú bíi palliAGED àti ELDAC, tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ní Ọsirélíà. Àṣìṣe tí ó tóbi jù ni pé a kì í ya ohun tí ó jẹ́ ti ara ènìyàn, tí kò yàtọ̀ níbikíbi, sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ ti òfin àti ètò ìlú àwọn tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má ṣe wo ìwọ̀n oògùn lójú fóònù kí ẹ sì fi fún aláìsàn. Dókítà ni ó ń kọ mọ́fíìnì, oògùn ìrora tí ó lágbára. Ẹni tí ó bá kà nípa rẹ̀ tí kò sì rí i, tí ó wá lọ ra tramadol, oògùn ìrora mìíràn, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn dípò rẹ̀, lè fa gíri fún àgbà tí ara rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ bá dókítà tí ó ń tọ́jú aláìsàn náà sọ̀rọ̀ kí ìrora tó le jù. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ẹ̀ka tí ń rí sí àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó ṣeé gbára lé ni ó sọ pé bí òpin bá ti dé tán, ebi kì í pa aláìsàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀fun rẹ̀ kò sì lágbára láti gbé nǹkan mì. Òṣìṣẹ́ ti ka èyí, ó sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti Èkó dé tí ó ní kí wọ́n fún Ìyá ní ẹ̀kọ mu, yóò gbé ṣíbí. Ta ni yóò fẹ́ kí ará ilé sọ pé ebi ni ó pa ìyá òun? Síbẹ̀, ẹ̀kọ tí a fi tipátipá rọ lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì sọ èémí di ìṣòro. Bí Ìyá bá lajú, tí wọ́n sì ń gbé nǹkan mì, ẹ gbé wọn jókòó, ẹ fún wọn ní ìwọ̀n tí wọ́n bá fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi nu ètè àti ẹnu wọn, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àlàyé yìí yẹ kí ó ti wáyé ṣáájú ọjọ́ náà.

Bákan náà, ẹ má ṣe fi ìdáhùn ẹnu nìkan díwọ̀n ìrora, nítorí “a dúpẹ́” ni ọ̀pọ̀ àgbà wa yóò sọ. Fún àwọn tí iyè wọn ti ra, ìwọ̀n PAINAD ti ọdún 2003 ń wo mímí, ìkérora, ìrísí ojú, ìṣesí ara, àti bóyá ìpẹ̀tù lè mú wọn rọlẹ̀. 0 sí 2 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan; bí máàkì bá ṣe ga tó ni ìrora ṣe pọ̀ tó.

Ní ìparí, ẹ má ṣe ya fọ́tò aláìsàn sórí WhatsApp láti bèèrè ìmọ̀ràn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ẹ ṣàpèjúwe àmì tí ẹ rí fún nọ́ọ̀sì àgbà yín, láìdárúkọ ẹni náà níbi tí àwọn ẹlòmíràn wà.