Bí èmi àti ọmọ mi ṣe fi ọfà pa àgbọ̀nrín lórí òkè Llano

Ọmọ mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Iléèwé rẹ̀ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, wà lára àwọn tó ń ṣe National Archery in the Schools Program, ètò ọfà títa tó bẹ̀rẹ̀ ní Kentucky lọ́dún 2002, ibẹ̀ ló sì ti mọ ọrun í fà. Nígbà tó yá, bébà tí wọ́n ń ta lọ́fà sú u. Ó ní, "Dádì, ṣebí ọdẹ ni Bàbá Àgbà? Ẹ jẹ́ ká lọ pa ẹran gidi." Òótọ́ ni, bàbá mi ṣọdẹ ní Ìdànrè títí ojú fi kọ̀ ọ́, àmọ́ ṣakabùlà ló ń gbé kọ́ èjìká. Ọwọ́ tèmi ò kan ọrun rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn mí lẹ́yìnkùlé wa, ó ń tún ìgbọ̀nwọ́ mi ṣe bíi tíṣà: "Ẹ má fún un mọ́wọ́, Dádì. Ẹ jẹ́ kó jókòó sọ́wọ́ yín ni."

Ti ìwé àṣẹ ọdẹ ò le. Ní Texas, ẹni tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ, a sì jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣe é. Láísẹ́ǹsì ọmọdé, dọ́là 7. Tèmi, 25, pẹ̀lú dọ́là 7 mìíràn torí ọfà. Ibi tí owó ti jáde ni ilẹ̀. Ọwọ́ aládàáni ni ilẹ̀ Texas pọ̀ sí jù, torí náà o máa sanwó fún onílẹ̀ kó o tó wọ igbó rẹ̀. Àwọn ọlọ́fà ló ń kọ́kọ́ wọlé, láti nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kí àwọn oníbọn tó dé ní oṣù kọkànlá.

Ọrun fúnra rẹ̀ ló gbà wá lákòókò. Èyí tí wọ́n ń pè ní compound la rà: kẹ̀kẹ́ kékeré wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ọsán gba orí wọn kọjá. Bó o bá ń fà á, á kọ́kọ́ wúwo. Bó bá dé òpin, ìwúwo yẹn á já, ohun tó máa kù sọ́wọ́ ẹ ò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ìwúwo pọ́n-ùn 40 la gbé ti ọmọ mi sí. Ohun tí mo fi dán an wò ni pé kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kó wá fa ọrun jẹ́ẹ́ láì kọ́kọ́ nà án sókè. Ẹni tó bá ní láti fi ọrun wo sánmà kó tó rí i fà, ọrun yẹn ju agbára rẹ̀ lọ, àgbọ̀nrín ò sì ní dúró wòran irú ijó bẹ́ẹ̀. Irin ẹnu ọfà, èyí tí abẹ rẹ̀ ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ la mú. Èyí tó jẹ́ pé ara ẹran ló ti ń ṣí, ó máa ń fi lára agbára ọfà ṣí ara rẹ̀, ọrun ọmọdé ò sì ní agbára tó fẹ́ ṣòfò.

Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, bẹ́ẹ̀ orí òkè là ń lọ. Bó o bá wà lókè tó ò ń ta sísàlẹ̀, tàbí o wà nísàlẹ̀ tó ò ń ta sókè, ọfà á gba orí ẹran kọjá bó o bá tẹ̀ lé ìwọ̀n tí ojú rí. Ìwọ̀n ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàárín ìwọ àti ẹran ni ọfà ń bá ṣiṣẹ́. Ẹran tó wà ní yáàdì 30 sí ẹ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oní-dígírì 30, bí ẹni tó wà ní yáàdì 26 ni kó o ṣe ta á. Orí àtẹ̀gùn onígi kan ní pápá ọfà la ti fi èyí kọ́ra, títí tí ọmọ mi ò fi bi mí léèrè mọ́. A wá jọ fẹnu kò sí yáàdì 20. Ẹran tó bá dúró sí 21, kó máa lọ ilé rẹ̀.

Wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ ni ìrìn Houston sí Llano, ní àárín Texas. Òkúta granite aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ló kún ibẹ̀, irú èyí tí Enchanted Rock, àpáta ńlá kan tí kò jìnnà síbẹ̀, fi ta gbogbo àyíká yọ. Nígbà tí mo rí àpáta wọ̀nyẹn, Ìdànrè ló wá sí mi lọ́kàn, àfi pé igbó kìjikìji ò sí. Igi óákù ni, àti kédárì kúkúrú, àti ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó ń wọ bàtà. Ejò olóró wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí ọmọ mi má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tí kò tíì fojú wò.

Afẹ́fẹ́ ló kù, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá mi bá bu erùpẹ̀ tó dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó ṣí ẹsẹ̀, mo máa ń rò pé ààtò ọdẹ ni. Àṣé ó ń wo ibi tí òórùn ara rẹ̀ ń lọ ni. Oníbọn lè jìnnà sẹ́ran. Ọlọ́fà ò lè jìnnà, imú àgbọ̀nrín á sì ti bá ẹ kí ojú rẹ̀ tó bá ẹ. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ tó ń ṣe: bí oòrùn bá ti ń mú ara òkè gbóná láàárọ̀, á máa gun òkè, bí oòrùn bá ń rọ̀ lálẹ́, á sọ̀ kalẹ̀. Torí náà, láàárọ̀ o fẹ́ wà lókè ẹran, nírọ̀lẹ́ o fẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ike pọ́dà kékeré wà lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ fìn-ín, àwa méjèèjì á máa wo ibi tí eruku funfun náà bá gbà. Láàárọ̀, afẹ́fẹ́ yí padà, ó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wa lọ síbi tá à ń retí ẹran. A dìde, a kúrò níbẹ̀. Inú bí ọmọ mi, torí ó ti rí ipa ẹsẹ̀ tútù.

Nírọ̀lẹ́ a ba sábẹ́ igi óákù létí odò tó ti gbẹ, a fi ẹ̀ka kédárì ṣe ibùba. Èso óákù ń jábọ́, oúnjẹ àgbọ̀nrín sì ni. Abo kan kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí wa gan-an, ó dúró. Ọmọ mi ti fa ọrun. Ó di í mú, ó di í mú, ó wá rọra dá a padà, torí egungun àyà ló wà níwájú yẹn, ọfà ò ráàyè dé ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Inú mi dùn sí ọfà tí kò ta yẹn ju èyí tó ta lẹ́yìn náà lọ. Kò pẹ́, òmíràn tẹ̀ lé e, ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn. Nígbà tí orí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn igi, ọmọ mi fa ọrun. Egungun àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ párì ẹnu, ẹnu ọfà gbọ̀n díẹ̀, ó sì dúró. Àgbọ̀nrín jáde. Mo gbọ́ tí ọsán dún, ẹran ta gìrì, ó sá gun àpáta lọ.

"Dádì, mo bá a àbí mi ò bá a?"

"Jókòó ná, ìyá mi."

Nǹkan bí ìdajì wákàtí la fi jókòó. Ẹran tí o bá lé tàràtà á sá jìnnà. Bó o bá fi í sílẹ̀, á dùbúlẹ̀ nítòsí. A wá lọ wo ọfà. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń hó: ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ká ní ó dúdú ni, ẹ̀dọ̀ ni, à bá dúró fún wákàtí mélòó kan sí i. Bó bá ń rùn bí ìgbẹ́, ìfun ni, ìdúró yẹn á tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ipa ẹ̀jẹ̀ ò rọrùn lórí òkúta pupa. Ọmọ mi ń já tíṣù sí ibi ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí a lè bojú wẹ̀yìn mọ ibi tó dorí kọ. Abẹ́ kédárì la ti rí i, kò tó ọgọ́rùn-ún yáàdì.

Òun ló fi ọ̀bẹ gé oṣù àti ọjọ́ lára tag, ìwé pélébé ara láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹran, ó sì kọ ẹran náà sílẹ̀ sẹ́yìn láísẹ́ǹsì. Èmi ni mo tú ìfun, òun di ẹsẹ̀ mú. Oṣù kẹwàá Texas ṣì gbóná, ẹran á bàjẹ́ bó o bá ń ya fọ́tò, torí náà kíá la fà á sọ̀ kalẹ̀, a bó awọ rẹ̀, a kun ún, a kó o sórí yìnyín.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Òfin ò gbà kí a ta á, a ò sì gbèrò bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. A fún wọn níwọ̀nba. Ẹran náà ò lọ́ràá, bó bá pẹ́ lórí iná á gbẹ. Ìyàwó mi ní àsun ni, ọmọ ní bọ́gà ni. A lọ itan kan, a sun èkejì.