Ẹ má tíì nu káàdì kámẹ́rà yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín iPad àti Lightroom Classic

Ayàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ òde ìgbéyàwó mọ bó ṣe máa ń rí: ìyàwó kò tíì pààrọ̀ sí aṣọ kejì, ẹbí ti ń béèrè fọ́tò lórí WhatsApp. Ìdí rèé tí iPad fi wọ iṣẹ́ wa. Ẹ ó ki káàdì bọ̀ ọ́, ẹ ó ṣa díẹ̀, ẹ ó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ ó fi ránṣẹ́. Tó bá di alẹ́, ẹ ó máa retí pé gbogbo rẹ̀ ti dé sórí kọ̀ǹpútà nílé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà nígbà gbogbo.

Èwo nínú Lightroom, áàpù Adobe tí a fi ń to fọ́tò tí a sì fi ń tún un ṣe, tiẹ̀ ni ẹ ń lò? Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni Adobe ti pín in sí méjì. Èyí tó ń jẹ́ Lightroom lásán ń kó ojúlówó fọ́tò sórí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lightroom Classic ń tọ́jú ojúlówó sórí háàdì díìsìkì yín, ó kàn ń bá cloud ṣe pàṣípààrọ̀ ni. Àwọn kan fi méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n tan sync (pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú cloud) ti méjèèjì, fọ́tò kan náà á wá jẹ àyè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú ọ̀kan. Classic ni mò ń bá lọ níbí, torí òun ló ń dààmú èèyàn jù.

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ lójú oníbàárà rèé. Tí ẹ bá sàmì sí Collection kan (àkójọ fọ́tò) nínú Classic pé kó lọ sórí iPad, kì í ṣe RAW yín, ojúlówó fáìlì tí kámẹ́rà kọ, ló ń gòkè. Smart Preview ni, ẹ̀dà kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jù kò ju píksẹ́lì 2560 lọ. Ó tó láti fi tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ṣe, gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá sì ṣe ní yóò padà wá bá ojúlówó nílé. Kò tilẹ̀ jẹ nínú àyè cloud yín. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kéèyàn export (kó yọ fọ́tò tó ti tún ṣe jáde) láti orí iPad, kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ fọ́tò. Tí a bá tẹ píksẹ́lì 2560 ní 300 sí ínǹṣì kan, kò kọjá nǹkan bí ínǹṣì 8.5. Férémù ínǹṣì 20 × 30 tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀ yóò wá ní bíi píksẹ́lì 85 péré sí ínǹṣì kan: ojú ìyá ìyàwó á ṣe bàìbàì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ra wọn. Lórí WhatsApp, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Fọ́tò tí ẹ máa tẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti export rẹ̀.

Tó bá jẹ́ orí iPad ni fọ́tò ti kọ́kọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ojúlówó fúnra rẹ̀ ni yóò gòkè, tí yóò tún ti cloud sọ̀kalẹ̀ sínú Classic. RAW kámẹ́rà 24 megapixel sábà máa ń tó 25MB sí 30MB. Fọ́tò 600 láti òde kan ṣoṣo á gba 15GB sí 18GB, àyè cloud ẹni tó wà lórí ètò 20GB ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìyẹn, a ò tíì sọ ti owó dátà. Mi ò rí ìdí kankan tó fi yẹ kéèyàn kó gbogbo káàdì gba ọ̀nà yẹn. Ẹ ní kí kámẹ́rà máa kọ RAW àti JPEG pọ̀, kí ẹ kó JPEG díẹ̀ tí ẹbí ń béèrè sórí iPad, kí RAW sì gba káàdì rídà wọ kọ̀ǹpútà.

Nínu káàdì, ìyẹn pípa gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́, ló léwu jù. Tí ẹ bá kúrò nínú Lightroom bọ́ sí WhatsApp, tàbí tí ojú iPad bá kú, iPadOS kì í jẹ́ kó máa gbé fọ́tò gòkè lọ títí. Ẹ ó ṣì máa rí fọ́tò náà, àmọ́ orí iPad yẹn nìkan ló wà. Ẹnì kan á ti nu káàdì. Lọ́jọ́ kejì àyè iPad kún, ó pa Lightroom rẹ́ pé òun á tún un gbé wọlé. Gbogbo èyí tí kò tíì gòkè bá a lọ nìyẹn. Ẹ ṣí Lightroom sílẹ̀, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ fi Auto-Lock sí Never, kí ẹ sì máa tẹ àmì cloud wò títí kò fi ní sí èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ní kó fi fáìlì náà hàn yín nínú fódà rẹ̀. Kódà nígbà yẹn, ẹ fi káàdì sílẹ̀ títí ẹ̀dà kejì á fi wà lórí díìsìkì mìíràn.

Pípa fọ́tò rẹ́ lórí iPad náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yíyọ kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù kò pa á run. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ Delete, yóò kúrò lórí cloud. Èyí tó ti wà nínú Classic ṣì máa wà níbẹ̀, sync nìkan ló bọ́ lára rẹ̀. Èyí tó ti iPad wá tí kò tíì dé Classic ni ẹ máa sunkún lé lórí, bí ẹ ò bá tètè wá a nínú Deleted, ibi tí Lightroom ń kó ohun tí ẹ pa rẹ́ sí.

Àwọn tó ń ṣí catalog tuntun (àkọsílẹ̀ fọ́tò àti àtúnṣe nínú Classic) fún ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ṣoṣo ló lè máa sync, tí ẹ bá tan ti tuntun, ti àtijọ́ á dúró. Keyword, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń so mọ́ fọ́tò kẹ́ ẹ lè wá a rí, kì í bá sync lọ láàárín Classic àti iPad, orí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́. Bí ẹ kò bá sì yan fódà fún ohun tó ń ti cloud bọ̀, inú Mobile Downloads ni Classic máa kó o sí. Ibi tí ẹ máa ti yan tiyín ni abala Lightroom Sync nínú Preferences.

Ti ẹni tó ń fa fọ́tò láti inú Photos, áàpù fọ́tò ti Apple fúnra rẹ̀, lórí iPad lọ sórí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ kéébù ló kù. Bí Optimize iPad Storage bá wà ní títàn, ojúlówó púpọ̀ nínú wọn lè má sí lórí iPad mọ́, ó ti wà lórí iCloud, cloud ti Apple. Ẹ yí i sí Download and Keep Originals, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó ki kéébù bọ̀ ọ́.