Bí A Ṣe Ń Kun Ẹ́ńjìnnì àti Gíá Peugeot 504 Nílé

Tí ẹ bá ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì tàbí síìlì (rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú), ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ kùn ún. Bó bá wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ò ní dé ẹ̀yìn blọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì gan-an), ọ̀dà á sì fọ́n sára wáyà. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, àwọn èyí tó sì ṣì ń rìn ti dàgbà débi pé epo àti eruku ti di ẹ̀wù sí wọn lára, a ò mọ ibi tó ń jò mọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá mọ́, tí ọ̀dà ara rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, epo tó bá yọ lójú gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì) á hàn lọ́jọ́ tó yọ.

Kí omi tó kan án, ẹ wá ibi tó ń jò. Ibi tí epo ti ń tàn, tí eruku ò tíì gbẹ mọ́ ọn, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ẹ wo etí kọ́fà tọ́ọ̀pù (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì), ẹ wo síìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ wo ẹnu gíá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi síìlì àtijọ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tán, kí ìdọ̀tí má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ wọn kí ọ̀dà tó dé ara rẹ̀. Ọ̀dà kì í dí ibi tó ń jò. Epo á gbé e sókè láti abẹ́, á sì bó.

Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sórí ìdúró tó lè gbà á, kì í ṣe orí jáàkì. Ẹ dí gbogbo ihò: ẹnu kabúrétọ̀, ẹnu ẹ́sọ́ọ̀sì, ibi tí omi ń gbà wọlé, ihò dípísítíìkì, àti ihò kékeré tí gíá fi ń mí. Ẹ fi ọ̀rá wé àkísà mímọ́ fi dí wọn. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ ni kó wà lójú ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ ka iye àkísà tí ẹ lò.

Fífọ̀ ló gba àkókò jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ ha èyí tó ti dì, ẹ fi kẹrosíìnì pa á lára, ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Ẹ má lo bẹntiróòlù rárá. Èéfín rẹ̀ máa ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná. Kí ọpọ́n wà lábẹ́ tí á gba ìdọ̀tí náà, kó má lọ sínú gọ́tà. Kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀rá sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná àti Omo fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ṣan án. Ẹ wá da omi mímọ́ sí i lára kí ẹ wò ó dáadáa. Bí omi bá ń di ẹ̀kán róbótó-róbótó, epo ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìdá, ó ti mọ́.

Àwọn kan máa ń po kọ́sítíìkì sódà mọ́ omi. Irin dúdú ni blọ́ọ̀kù 504 alábẹntiróòlù, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù àti ilé gíá, kọ́sítíìkì sì máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà 180 ha blọ́ọ̀kù. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ tàbí sáńpépà 240 tó fún alumíníọ̀mù. Ẹ má gbé ẹ́ńjìnnì tí a ò tú lọ síbi tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n yanrìn: yanrìn tó bá wọ ojú ọ̀nà epo á jẹ bẹ́árìn. Ẹ nù ún pẹ̀lú tínà, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Blọ́ọ̀kù tí a ti ha lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà lọ́jọ́ kan náà, pàápàá nígbà òjò, nítorí náà, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún. Alumíníọ̀mù ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ tirẹ̀ tó máa ń jẹ wọ ara irin díẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà ọkọ̀.

Kí ọ̀dà kankan tó kàn án, títí kan ọ̀dà ìpìlẹ̀, ẹ fi téèpù oníbébà bo ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó lé, inú ilé kílọ́ọ̀ṣì, gbogbo rọ́bà, àti ibi tí wáyà ilẹ̀ ti ń kan blọ́ọ̀kù. Bí ọ̀dà bá bo ibi wáyà yẹn, iná ò ní já geere, kíkì sítátà á sì máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ẹ bo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú: ó wà nínú ìwé ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé kà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wò ó.

Ọ̀dà ẹ́ńjìnnì tó lè gba ooru bíi 260°C ni kí ẹ rà. Ẹ́sọ́ọ̀sì fẹ́ èyí tó lè gba bíi 650°C. Ọ̀dà bọ́dì lè dúró lára gíá tí kì í gbóná púpọ̀, ṣùgbọ́n lára tọ́ọ̀pù, á pọ́n, á sì ṣí.

Ẹ wọ ìbomú àti ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí eruku ọyẹ́ ò dé. Ẹ mi agolo ọ̀dà tí a ń fọ́n dáadáa. Ẹ jìnnà sí i tó 25 sẹ̀ǹtímítà, ẹ máa rọra fọ́n ọn lọ láì dúró lójú kan. Ipele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ bò ó tán. Bí ìkùukùu ni kó rí. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fọ́n òmíràn. Mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ sàn ju ọ̀kan tó ki, torí èyí tó ki á ṣàn. Agolo á sọ iye wákàtí tí ẹ lè fi tún un kùn; ẹ tẹ̀ lé e.

Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kó lo ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó padà sínú ọkọ̀. Ẹ yọ àkísà, kí iye rẹ̀ pé. Ẹ rí i pé ihò tí gíá fi ń mí ti ṣí, torí bó bá dí, epo á wá ọ̀nà gba ara síìlì tuntun jáde. Ẹ da epo ẹ́ńjìnnì, epo gíá àti omi sí i. Ẹ wá tan án níta gbangba fún ìṣẹ́jú 10, ẹ pa á kó tutù, ẹ tún un tàn. Èéfín díẹ̀ àti òórùn ọ̀dà á jáde lára ẹ́sọ́ọ̀sì nígbà àkọ́kọ́. Ooru yẹn ló ń mú ọ̀dà ibẹ̀ le.