Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tó Kéré Jù Lọ Máa Ṣíwájú

Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ rìn nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí èyí tó kéré jù lọ máa ṣíwájú, kí ó máa rìn láti ìdí ère kan dé ìdí òmíràn, dípò kí ẹ máa fà á lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ọdún 4 kò mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ní kí ó lọ ka iye ọwọ́ tí ère iwájú yẹn ní, yóò ti débẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣe sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ẹ ṣẹ́rí padà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá gágá, nítorí pé ẹni tó bá dúró títí ọmọ yóò fi sọ pé ó ti rẹ òun ni yóò pọ̀n ọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Kí oúnjẹ wà nínú àpò, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ọ̀bọ inú igbó náà kì í tijú. Àmọ́ ṣá o, bí ẹ bá ti sún mọ́ etí odò, kí ọmọ má ṣíwájú mọ́ rárá: ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, pàápàá lásìkò òjò tí bèbè odò máa ń yọ̀.