Àṣìṣe tó ń jó wáyà jó owó nídìí ìṣirò óòmù àti wáàtì

Pé ká fi áńpù (iná tó ń ṣàn) pín fólítì (agbára tó ń tì í) ká tó rí óòmù (bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó), pé fólítì lọ́nà áńpù ni wáàtì (agbára iná tí nǹkan ń jẹ), gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Fólítì tí ẹ ń gbé wá sídìí ìṣirò ló ń bí èèyàn nínú. Fólítì tó wà lórí nǹkan yẹn gan-an la fẹ́ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára páálí.

Èkíní, boiling ring, irin tí a ń kì bọ omi kó lè hó. Wọ́n kọ 1000 wáàtì, 230 fólítì sí i. Óòmù rẹ̀ jẹ́ 52.9. Tó bá di alẹ́ ní Ìgbógbó, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wá ń gbé 160, óòmù yẹn wà bó ṣe wà. Áńpù ló máa já láti 4.35 sí 3.02, wáàtì á di 484. Kò tó ìdajì. Ẹ wá ń pariwo ayédèrú, ẹ tún ti ra òmíràn.

Èkejì: ẹ má wọn óòmù nǹkan tí iná ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dín áńpù kù) fún LED pupa, iná kékeré tó ń jẹ 2 fólítì àti 20 mílíáńpù (0.02 áńpù), lórí bátìrì 12 fólítì. Ẹni tó bá fi 20 pín 12 á rí 0.6 óòmù, LED yẹn ò ní rí ìṣẹ́jú kejì. Ẹ yọ 2 kúrò nínú 12, ẹ fi 0.02 pín in: 500 óòmù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń cháàjì bátìrì, ó máa ń tó 14.4. Ẹ lo 680, onídajì wáàtì.

Gílóòbù olókùn 60 wáàtì tó tutù lè ka 65 óòmù lórí mítà. Ẹ má fìyẹn ṣírò. Bó bá tàn, ó ń lọ sí nǹkan bí 880.

Wáyà bátìrì sí ínfátà wá ńkọ́? "Ṣebí 12 fólítì péré ni," wọ́n á lọ ra wáyà 2.5 (mílímítà onígun mẹ́rin, bí bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó) tí wọ́n fi ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. 1000 wáàtì lórí 12 fólítì, áńpù 83 nìyẹn, a ò tíì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ, 5 bọ̀, bàbà 2.5 máa ní nǹkan bí 0.021 óòmù. Wáyà á gbé 1.7 fólítì mì, 145 wáàtì á máa gbóná lára rẹ̀. 10.3 ló máa dé ọ̀dọ̀ ínfátà. Á ké, á kú, ẹ̀bi á wá di ti bátìrì.

Ọ̀gá ìṣirò kan á tún ní 12 lọ́nà 12, ká fi 0.021 pín in: 6,857 wáàtì! Ta ló sọ fún un pé 12 wà lórí wáyà? 1.7 ló wà níbẹ̀. Áńpù lọ́nà áńpù lọ́nà óòmù ni ti wáyà, ẹ jọ̀ọ́. (Ẹ má bínú, ohùn mi ti ń ga.)

Àwọn wáyà tó ń jáde ní ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn, nítòsí Ìjẹ̀dẹ̀, 330,000 fólítì ni wọ́n ń gbé kí áńpù lè kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ínfátà 24 fólítì: áńpù á dín sí ìdajì, wáyà kan náà á jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì yẹn. Bó bá jẹ́ 12 lẹ ní, ẹ ra wáyà 35.

Ẹ gbé lóòdù lé e, kí ẹ fi mítà sórí fólítì, ẹnu kan ní ìdí bátìrì, ẹnu kejì ní ìdí ínfátà, lórí wáyà pupa kan náà. Bí 35 bá ni, á ka nǹkan bí 0.06. Bó bá ka 0.8, ẹ tètè pa á kí rọ́bà tó yọ́.